Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì
Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìn tì a máa fi ilé ṣe pàṣípààrọ̀: ẹ wá sùn sí tiwa, kí àwa náà sùn sí tiyín. Ní Okokomaiko, ìrìn àjò àgbà yàtọ̀. Bí ọmọ bá bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá á di ẹ̀lùbọ́ sínú ẹrù, á wọ bàálù lọ wẹ ọmọ. Físà àlejò ibẹ̀ kì í sábà ju oṣù 6 lọ, kò sì fàyè gba iṣẹ́ owó. Iṣẹ́ àtinúwá gidi nìyẹn.

Ta ló wá ń ṣọ́ ilé? Bàbá ni, òun àti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n rà ní Àlàbá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Àwọn tó jọ jìyà ọmọ ló yẹ kó jọ jẹ adùn rẹ̀.