Nígbà Tí À Ń Gbàdúrà Kí Wọ́n Mú Iná Lọ

Ẹ má bínú sí wa. Ní gbogbo oṣù January, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti pariwo "Up NEPA!", àwa méjì là ń kanra.

Nébúlà Orion là ń wá, ìkùukùu gáàsì àti eruku ńlá kan níbi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó jìnnà sí wa tó 1,300 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀run. Ìtòsí wọn ló wà, bí èéfín. Bó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ ní January, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́gangan àtàrí wa l'Ékòó. Iná àdúgbò àti eruku ọyẹ́ ni kì í jẹ́ ká rí i.

Ọ̀kan nínú wa ń gbé Súrùlérè, èkejì ń gbé Yábàá. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ kọ̀ọ̀kan la ní. Ayé ń yí, nítorí náà a kì í jẹ́ kí kámẹ́rà lajú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, kí ìràwọ̀ má baà di ìlà. Fọ́tò kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ò fi nǹkan gidi hàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ la máa ń yà, tí a ó wá fi Siril, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tò wọ́n léra wọn, kí àwọn àmì wínníwínní tí kámẹ́rà ń dá sílẹ̀ lè dín kù. Kí wọ́n tó lè dín kù sí ìdajì, fọ́tò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí tí a fi da tiwa pọ̀ nìyẹn.

Henry Draper, dókítà kan ní New York, ló kọ́kọ́ ya fọ́tò nébúlà yìí, ní September 30, 1880. Mary Anna ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni kámẹ́rà rẹ̀ fi lajú. Àwa ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ Friday kan, iná lọ lọ́dọ̀ àwa méjèèjì. A sáré gun òkè dẹ́kì. Àmọ́ ẹja dídì ni ìyá tí ń bẹ ní Súrùlérè ń tà, iná ti ń ṣe ségesège fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹja inú fírísà sì ti ń rọ̀. Bí wọ́n bá tan jẹ́nẹ́rétọ̀, dẹ́kì á máa gbọ̀n, gílóòbù ìta á sì tàn, nítorí olè.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí kan péré."

"Wákàtí kan? Ṣé ìràwọ̀ ló ń san owó ilé-ìwé ẹ ni? Ogún ìṣẹ́jú. Mo ń wo aago o."

Wọ́n wo aago lóòótọ́. Fọ́tò 212 la rí yà kí jẹ́nẹ́rétọ̀ tó dún. Ní Yábàá, aládùúgbò kan tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú, ó bèèrè bóyá Yahoo là ń ṣe lórí dẹ́kì (lóru, láìsí iná!). Síbẹ̀ a rí 300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 512, ìṣẹ́jú 34 ó lé díẹ̀.

A jà lórí àwọ̀. Ọ̀kan fẹ́ kó pọ́n dẹ̀dẹ̀, èkejì ní ohun tí kámẹ́rà bá rí ni ká fi sílẹ̀. Ó wá rí ràkọ̀ràkọ̀, bí ẹyẹ tó na apá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì dín owó páálí Titus kan. Wọn ò dá wa lẹ́bi; ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná gidi ló fà á. Ogún ìṣẹ́jú tiwa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a fi fọ́tò náà hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí.

"Èyí ni ẹja mi ń rọ̀ fún?"

Wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí àwọn. Kí a tó dé Yábàá, ó ti wà lórí status wọn.