Àbúrò Mi Kọ́ Ló Mú Kọ̀ǹpútà Gbóná

Ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí ooru mú gan-an ní ilé wa ní Ìbàdàn, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí àbúrò mi ọkùnrin tí ì bá wù mí kí n lè kó padà. Iṣẹ́ fíìmù kúkúrú kan ni mo ń ṣe. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè Yorùbá, mo ti to ìtumọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ó wá ku kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fídíò kan ṣoṣo. Aago mọ́kànlá ti kọjá, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà fún mi sì ń retí rẹ̀ kí agogo méjìlá òru tó lù. Fáànù kọ̀ǹpútà ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé gbóná débi pé ìka mi kò gbà á mọ́, iṣẹ́ náà sì ń fà bí ìgbín. Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Ìwọ lo fi géèmù ba kọ̀ǹpútà yìí jẹ́. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí mi," ó sì wọ yàrá lọ. Fídíò náà parí nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí àkókò tó pé. Ṣùgbọ́n fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, àbúrò mi kò béèrè kọ̀ǹpútà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni òwúrọ̀ lọ.

Kọ̀ǹpútà àgbélétan tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù ni. Àlòkù ni mo rà á, kì í sì í ṣe nítorí eré. Iṣẹ́ fídíò ń fẹ́ agbára tí kọ̀ǹpútà lásán kò ní. Bí mo bá ti ṣíwọ́ lálẹ́, àbúrò mi a fi gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ fún wákàtí kan tàbí méjì. Nígbà tí nǹkan wá fẹ́ bàjẹ́, ẹni tí ó ń ṣeré ni mo rí. N kò rí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún ni àṣírí tú. Iṣẹ́ mìíràn dé, mo sì ṣí ètò kékeré kan tí àbúrò mi ti fi sórí kọ̀ǹpútà náà tipẹ́, èyí tí ó ń fi ìwọ̀n ooru àti ìyára ọpọlọ kọ̀ǹpútà hàn. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní processor ni mo pè ní ọpọlọ yìí. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà, dígírì 48 ni ooru rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa fídíò pọ̀, ó ti di 97. Ẹnikẹ́ni kò sì ṣe géèmù lórí rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ tèmi gan-an ni ó ń sè é.

Mo jókòó, mo kà nípa rẹ̀. Intel Core i7-9750H ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi. Ẹ̀yà mẹ́fà ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.6 GHz, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dé, ó lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà ó lè dé 4.5 GHz bí ẹ̀yà kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́. Eré àsápajúdé yìí ni wọ́n ń pè ní Turbo Boost. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí ooru bá ti ń súnmọ́ 100, ọpọlọ náà yóò dín eré kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Bí ó bá tutù díẹ̀, yóò tún sáré. Bí ó bá gbóná, yóò tún fà sẹ́yìn. Ó dà bí ẹni tí ó ń sáré gun òkè Mápó ní ọ̀sán gangan, tí ó ń dúró mí hẹlẹ ní gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí ó rọra ń rìn lè ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Mo pe àbúrò mi, mo fi nọ́ńbà náà hàn án. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, géèmù tèmi kì í kọjá 80. Mo ti dín in kù sí àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó má baà gbóná. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni ẹ fi ń ṣe."

Ìgbà náà ni mo rántí ìwé ńlá méjì tí mo máa ń bá lábẹ́ kọ̀ǹpútà láràárọ̀, tí mo sì máa ń fi ìbínú dá padà sí ààyè wọn. Òun ni ó ń fi wọ́n gbé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sókè, nítorí abẹ́ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́. Èmi tí mo ń dá a lẹ́bi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń gbé e sí, kí aṣọ lè dí i ní imú dáadáa.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó dá a. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, àgbà kì í sábà bẹ ọmọdé. Ẹran ni wọn a bù kún oúnjẹ rẹ̀, kí ó fi mọ̀ pé ìjà ti parí. Mo rò ó, mo rí i pé ẹran kò tó. Ẹnu ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹnu náà ni mo sì fi bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Má bínú. Mo dá ọ lẹ́bi lórí ohun tí o kò ṣe." Ó wo ilẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Kò burú, àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí á tún un ṣe."

Ohun mẹ́ta ni a ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Èkíní, a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti dì bí òwú sẹ́nu fáànù. Ìpara tí ń gbé ooru láti ara ọpọlọ lọ sí ara irin ti gbẹ, ó ti là. Ó nù ún, ó fi tuntun sí i. Ooru sọ̀kalẹ̀ láti 97 sí 90.

Èkejì, nínú ètò agbára iná Windows, a dín òdiwọ̀n tí ó ga jù fún processor kù láti 100 sí 99. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa, ẹyọ kan péré yìí pa Turbo Boost pátápátá. Ooru di 68, fáànù dákẹ́. Ṣùgbọ́n fídíò ọjọ́ Àìkú, tí ó gba ìṣẹ́jú 41 tẹ́lẹ̀, gba 44. A fi ètò yìí sílẹ̀ fún ìgbà tí mo bá ń kọ̀wé lásán, tàbí tí iná bá lọ tí a sì ń ṣọ́ bátìrì lò.

Ẹ̀kẹta ni ó gba sùúrù. Ilé iṣẹ́ máa ń fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní iná tí ó ju èyí tí ó nílò lọ díẹ̀, torí pé méjì kì í rí bákan náà. Bí a bá fi ìpín 10 nínú 100 dín ìwọ̀n iná náà kù, tí eré kò sì yí padà, agbára tí ń di ooru lè fi bí ìpín 19 dín. A fi ètò kan tí ń jẹ́ ThrottleStop dín 50 mílífóòtì kù, a lò ó fún wákàtí kan. Kò sí ewu. A dín 80 kù, ó dára. A dín 110 kù, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó sì kú. Ọkàn mi já. Àbúrò mi ní kí n fara balẹ̀, torí a kò tíì fi ètò náà pamọ́. Nígbà tí a tún un tàn, gbogbo rẹ̀ ti padà sí bí ó ṣe wà. A padà sí 80. Ooru dúró sí 82, eré rẹ̀ kò ṣe ségesège mọ́, fídíò kan náà sì parí ní ìṣẹ́jú 33.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí pé nọ́ńbà tiwa ni yóò bá kọ̀ǹpútà tiyín mu. Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ kí ẹ tó dán an wò, kí ẹ sì máa dín in díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni yóò gbà fún yín. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2019, àwọn olùwádìí kan ṣàfihàn Plundervolt, bí ọ̀dàràn ṣe lè gba ọ̀nà dídín iná kù yìí jí àṣírí inú ọpọlọ Intel. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ti ilẹ̀kùn yìí pa. Bí tiyín bá wà ní títì, ẹ gbá eruku, ẹ pààrọ̀ ìpara, ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a parí, àbúrò mi kọ àwọn nọ́ńbà náà sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé mo lè gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀?" Mo fi iṣẹ́ mi pamọ́, mo dìde fún un, èmi fúnra mi ni mo sì lọ gbé ìwé méjèèjì wá.