Ilé Àwọn Tòkunbọ̀ ní Pópó Àgùdà

Tòkunbọ̀ ni bàbá mi sọ mí, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó ti òkun bọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi ò tíì bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń lò nílé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúkọ mọ́tò àlòkù ni mò ń jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ wo Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó, níbi tí àwọn tòkunbọ̀ gidi kọ́lé sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Èkó, ló mú wa lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni, kí ọ̀nà má baà kún jù. Mo rọ̀ yín kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí à ń pè ní Àgùdà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n rí ọ̀nà padà wá. Àwọn kan fi owó ra ara wọn padà. Àwọn mìíràn, ìjọba ló lé wọn kúrò ní Bàhíà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Salvador ní 1835. Nígbà tí Bràsíl fi máa fòpin sí oko ẹrú ní 1888, àdúgbò wọn ti fìdí múlẹ̀ l'Ékòó. Bírikìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. Àwọn oníṣòwò wọn ń kó aṣọ òfì, obì àti epo pupa lọ sí Bàhíà, wọ́n sì ń kó tábà àti ọtí bọ̀. Òwò yẹn ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé ńlá yìí.

Èyí tí mo fẹ́ rí jù ni Ilé Omi ní Kakawa. João Esan da Rocha ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1885, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mú lẹ́rú nígbà tó ṣì kéré. Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, kí omi ẹ̀rọ tó dé Èkó, àwọn ará ìlú sì ń ra omi rẹ̀. Ẹ ro ó wò ná: ọ̀sà yí erékùṣù ká, síbẹ̀ omi mímu ṣọ̀wọ́n. Cândido ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní Bàhíà, wá lówó débi pé orúkọ rẹ̀ di àpèjúwe. Màmá Èkó ní tí àwọn bá ti béèrè owó jù nígbà èwe, èsì kan ni: “Ṣé Da Rocha ni mí ni?” Kódà, òǹkọ̀wé ará Bràsíl kan, Antonio Olinto, fi ilé náà kọ ìtàn, A Casa da Água, ní 1969.

A kò wọlé, ilé ẹbí ni. A dúró lójú títì, à ń wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti béèrè ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún.

“Dádì, kí ló dé tí wọ́n kọ́ ilé tó jọ ti àwọn tó kó wọn lẹ́rú?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Màmá Èkó dá a lóhùn:

“Ta lo rò pé ó kọ́ ti àwọn yẹn lọ́hùn-ún? Ọwọ́ kan náà mà ni.”

Ló bá mú wa lọ sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894. Àgùdà ni João Baptista da Costa tó darí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sí iwájú rẹ̀, ẹ máa rí Bàhíà lára ilé ìjọsìn Mùsùlùmí.

Ní Tinúbú, fọ́tò inú fóònù ni mo fi han ọmọ mi. Ilọ́jọ̀ Bar ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Mo wà l'Ékòó ní 2015. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo ní màá lọ wò ó tí mo bá tún wálé.

Ọmọ mi wo fọ́tò náà pẹ́, kò sọ nǹkan kan. Àfi ìgbà tí a dé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Tokunboh ló yọ fóònù lọ́wọ́ mi, tó ní kí n dúró sábẹ́ orúkọ náà kí òun yà mí.

“Ṣùgbọ́n Dádì,” ó ní, “kí ni h yẹn ń ṣe níbẹ̀?”