Ọmọ Mi Mọ Ọdún Mọ́tò Jù Mí Lọ

Oṣù tí àjọ kàn mí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwa Yorùbá mélòó kan tí a ń gbé ní Roodepoort la jọ ń dá a, èmi ni mo sì kó o kẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ohun tí n óò fi owó náà ṣe: Porsche Boxster. Ọdún tí a kọ́kọ́ dé ni mo rí ọ̀kan lójú títì Ontdekkers, ọkàn mi kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ìjókòó méjì ni mọ́tò yẹn ní, márùn-ún sì ni wá nínú ilé. Ta ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹni àádọ́ta ọdún náà yẹ kó gbádùn díẹ̀.

N kò bi àkọ́bí wa léèrè ohunkóhun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì ní ìtàn mìíràn lẹ́nu ju ti mọ́tò lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn nítorí pé máàkì ìṣirò rẹ̀ wálẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ fún un níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo fẹ́ lọ wo mọ́tò náà, ó bẹ̀ mí kí òun tẹ̀ lé mi. Mo gbà, mo sì kìlọ̀ fún un kó má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Mọ́tò náà pupa, ó ń dán. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo ẹ́ńjìnnì, búùtù ni mo bá níbẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo ṣí i, búùtù mìíràn! Ọmọ mi rọra sọ fún mi ní Yorùbá pé, "Dádì, àárín ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lẹ́yìn ìjókòó, níwájú táyà ẹ̀yìn. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ pọ̀ sápá kan tó bá ń ya kọ́nà." Ojú tì mí díẹ̀.

Ẹni tó ń tà á ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 2002 ni, pé ó sàn ju 1999 tí mo ti rí níbòmíràn lọ, nítorí pé ó tuntun jù ú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ṣáṣí, ó fi ìka sí èyí tó ṣe ìkẹwàá. Ó ní ibẹ̀ ni ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì wà: X ni 1999, Y ni 2000, 2 ni 2002. "2" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wá fi ọ̀wọ̀ bi ọkùnrin náà bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bíárìn kan nínú ẹ́ńjìnnì, àti bóyá ìwé rẹ̀ wà. Ọkùnrin náà ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo wo ọmọ mi bí ẹni tí yóò gbá a létí, mo ní a ó padà wá, a sì kúrò níbẹ̀.

A yà sí etí adágún Florida kí inú mi lè rọ̀. Níbẹ̀ ló ti mú ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde, ó ti to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Boxster jáde ní 1996 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 2.5. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 2000 di lítà 2.7, Boxster S onílítà 3.2 sì dé. Ọ̀pá irin kan wà nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí tí bíárìn gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ìlà bọ́ọ̀lù méjì ni bíárìn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní. Láàárín 2000 sí 2001, wọ́n sọ ọ́ di ìlà kan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 2005. Onílà kan yìí ló máa ń bàjẹ́ jù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bàjẹ́, àmọ́ èyí tó bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 2009 ló gbé ẹ́ńjìnnì tuntun dé tí kò ní ọ̀pá náà rárá. Nítorí náà, 1999 lè sàn ju 2002, tí wọn kò bá tíì pààrọ̀ bíárìn náà.

Ó tún ṣí ojú ewé kan. Ní 2016, wọ́n yọ sìlíńdà mẹ́fà kúrò, wọ́n fi mẹ́rin pẹ̀lú tọ́bò rọ́pò rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ráhùn nítorí ohùn rẹ̀, títí tí mẹ́fà fi padà sínú GTS onílítà 4.0 ní 2020. "Ṣùgbọ́n níbí ńkọ́, Dádì? A fi ohun tó lé ní 1,600 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ wa fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀."

Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ síbẹ̀, mọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn, ìdá ọgọ́rùn-ún lóríṣiríṣi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú fóònù mi, n kò rí àṣìṣe kan. Ìṣirò tí mo ní kò mọ̀ náà nìyẹn.

Mo sọ fún un pé kó má bínú sí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tí mo sọ. Ó dákẹ́, ó ní, "Kò burú, sà." Nígbà tí a délé, mo tún un sọ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, nítorí ojú wọn ni mo ṣe bú u.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Ní ti mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín, àkísà ọmọ mi ju tèmi lọ. Owó àjọ náà ṣì wà ní báńkì. Lára rẹ̀ la ti san owó olùkọ́ ìṣirò tó ń wá sílé, ọmọ náà ló sì ń bá mi wo mọ́tò tí yóò gba gbogbo wa.