“Hello, hello, mi ò gbọ́ yín o”

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́. Fóònù ọ́fíìsì tí mo fọwọ́ ara mi tò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àbúrò ìyá mi di oníjìbìtì lójú oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, àti bí mo ṣe tún un ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo SIP trunk lẹ́yìn firewall, ẹ tọ́jú thread yìí.

2/
Àǹtí mi ń ta òróró àgbọn l'ọ́jà Agbalata, ní Àgbádárìgì. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ àgbọn ni tiwa. Ẹ̀gùn ló fi ń bá àwọn ará Àjàṣẹ́ nájà, Yorùbá ló fi ń bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lókè òkun, orí fóònù ni. Àwọn mẹ́ta ló ń gba ìpè: òun fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe òróró, àti ẹnì kan tó ń kó ẹrù ní Mile 2.

3/
Èmi tí mò ń ṣe fídíò nípa tẹ́kì, mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe é bíi ti iléeṣẹ́ ńlá: nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ìpè máa pín sọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A gba SIP trunk. Okùn fóònù ni, àmọ́ inú íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà, ó sì lè gbé ìpè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé Asterisk sórí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ kó máa pín ìpè. Ọ̀fẹ́ ni Asterisk, Mark Spencer ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ l'ọ́dún 1999.

4/
Fóònù dún! Mo ṣe fídíò, ẹ bá mi yọ̀ níbí. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, àǹtí mi pè mí: “Ó ń dún o, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e, mi ò gbọ́ nǹkan kan.”
Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ tẹ ibi tó ń gbé ohùn sókè.”
Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta. Mo ra earpiece tuntun fún wọn. Ó tún sọ ọ́. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni.

5/
Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti sanwó kẹ́ẹ̀gì méjì, ẹrù rẹ̀ sì pẹ́. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ àǹtí mi dáadáa: “Hello? Hello? Mi ò gbọ́ yín o.” Kó! Wọ́n já a.
Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú èèyàn tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ yín lówó.
Ó fi voice note ránṣẹ́: “Ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ni. Ẹ dá owó mi padà.”

6/
Àǹtí mi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Látọjọ́ tí mo ti wà nínú ọjà yìí, ẹnikẹ́ni ò pè mí lólè rí.”
Ìtìjú bá mi. Mo tún voice note yẹn gbọ́. Dúró ná. Obìnrin yìí ń gbọ́ wọn! Ohùn ń jáde, ohùn ni ò wọlé. Kì í ṣe earpiece. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì.

7/
Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ nìyí: ohun tó ń mú fóònù dún àti ohùn fúnra rẹ̀ kì í gba ọ̀nà kan náà. SIP ni ìránṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn pé “ìpè wà o”, port 5060 ló sábà máa ń gbà. RTP ló ń ru ohùn, port tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, láàárín 10000 sí 20000 nínú Asterisk bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó. Ìránṣẹ́ lè dé kí ẹrù má dé. Pé fóònù ń dún ò sọ pé ohun gbogbo dáa.

8/
Nínú iṣẹ́ tí SIP ń jẹ́, àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀: “ibi tí kẹ́ ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí rèé.” Mo tẹ pjsip set logger on, mo pe nọ́ńbà wa, mo sì ń ka ohun tó ń jáde. Mo rí i:
c=IN IP4 192.168.1.10
Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù.

9/
Àdírẹ́sì inú ilé ni 192.168. RFC 1918 ti ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọdún 1996. Ó lè wà nílé mi, kó wà nílé yín, kó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tógò. Ó dà bí ìgbà tí mo sọ fún ará Lọ́ńdọ̀nù pé “kó ẹrù wá sí yàrá kejì lápá ọ̀tún”, láìdárúkọ ilé, àdúgbò tàbí ìlú. Ohùn oníbàárà ń sọnù sọ́nà. Ohùn àǹtí mi ń dé ní tiẹ̀, torí àdírẹ́sì gidi ni iléeṣẹ́ trunk fún wa, firewall ò sì dí ẹni tó ń ti inú ilé jáde lọ́wọ́.

10/
Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Kí n tó rí èyí, mo ti pa firewall náà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rò pé òun ló ń dí wa lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àjèjì ti kún inú log, wọ́n ń dán password wò lórí 100, 101, 102. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n, fóònù tí wọ́n máa fi pe òkè òkun sọ́rùn onílé ni wọ́n ń wá. Ara mi gbọ̀n. Ohùn ò tún wọlé náà, torí àdírẹ́sì ló burú. Ẹ má dán an wò.

11/
Bí mo ṣe tún un ṣe nínú pjsip.conf:
• local_net: nẹ́tíwọ̀kì inú ṣọ́ọ̀bù
• external_media_address àti external_signaling_address: àdírẹ́sì ìta tí router wa ní
• rtp_symmetric=yes
• direct_media=no
Lẹ́yìn náà, mo ní kí firewall jẹ́ kí UDP 10000 sí 20000 wọlé sórí láptọ́ọ̀pù, láti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ trunk nìkan. Ẹ bi wọ́n dáadáa o: àdírẹ́sì tí ohùn ń gbà wá lè yàtọ̀ sí ti SIP.

12/
Ẹ pa SIP ALG nínú router. Ó ń ṣe bí olùrànlọ́wọ́, ó ń já lẹ́tà yín lójú ọ̀nà kó lè tún àdírẹ́sì kọ, ó sì sábà máa ń bà á jẹ́. Bíi ẹni tó já ẹrù gbà lọ́wọ́ yín ní gáréèjì láìbéèrè: Mile 2 lẹ̀ ń lọ, ẹrù yín ti wà nínú mọ́tò Sẹ̀mẹ̀.

13/
Ó tún ku ọ̀kan. Tí a bá pẹ́ láìgba ìpè, ìpè tuntun ò ní dún rárá. Firewall máa ń gbàgbé ọ̀nà tí nǹkan ò gbà kọjá fún ìgbà díẹ̀. Mo fi qualify_frequency=30 sí i: ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30, láptọ́ọ̀pù ń kí iléeṣẹ́ trunk, ilẹ̀kùn ò sì ní tì.

14/
Àǹtí mi pe oníbàárà yẹn. Kò gbé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e: “Hello?”
Àǹtí mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Mo ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú tán, ẹ gbọ́ tèmi.”
Òróró ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì ra òmíràn.

15/
Ọjọ́ méjìlá gbáko ni àǹtí mi fi sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an fún mi: ó ń dún, àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Torí pé wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ RTP, mo rò pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.
Tí ẹnì kan bá ní fóònù òun ò dáa, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ bi í: Ṣé ó ń dún? Ta ló ń gbọ́? Ta ni ò gbọ́? Kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.