Nọ́ọ̀tì Kan ní Hockenheim

Nígbà tí a wá sin bàbá tó kọ́ wa níṣẹ́ ní Kétu, ọ̀pọ̀ yín rí àwòrán ọkọ̀ gígùn kan lára ògiri yàrá rẹ̀. Ẹ bi wá léèrè pé, "Ṣé ọkọ̀ nìyí, àbí bàálù tí wọ́n gé ní ìyẹ́?" Ojú òkú ni a wà, a kò lè dáhùn dáadáa. A ṣèlérí pé a óò kọ ìdáhùn náà síbí. Òun nìyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí.

Mẹ́ta ni àwa tí à ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Kétu ni méjì nínú wa, ọmọ Ṣábẹ ni ẹnì kẹta. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé bàbá yẹn ni a ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀kadà àti ọkọ̀ akérò tó ti gbó là ń tún ṣe nígbà náà, kpayo inú ìgò la sì fi ń fọ irin. Bàbá kì í pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu mọ́: "Ẹ má fi ojú yẹ nọ́ọ̀tì wò. Ojú a máa purọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wa rìn dé àríwá ilẹ̀ Faransé, ó ríṣẹ́, ó sì fa àwa méjì yòókù. Ọ̀gá tí a ń bá ṣiṣẹ́ ń tún katakata àti ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ aṣọ, ni ọkọ̀ gígùn yẹn wà. Ọkọ̀ eré ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Ní 2019 ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá òun jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò eré títí dé òpin rẹ̀.

Eré yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń yí po, tí wọ́n ń padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ó tọ́ gbọnrangandan, gígùn rẹ̀ jẹ́ 402 mítà. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á gbéra. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á tẹ̀síwájú, ẹni tó bá gbẹ̀yìn á di ẹrù rẹ̀. Dragster ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ tiwa. Ó gùn ju mítà méje lọ. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi gan-an, àwọn ti iwájú sì tín-ín-rín bíi ti kẹ̀kẹ́. Methanol ló ń mu, kì í ṣe bẹntiróòlù. Bí methanol bá gbiná lójú ọ̀sán, ojú kì í rí iná náà. Ooru rẹ̀ ni ènìyàn á kọ́kọ́ mọ̀. Láti ìdúró, láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àtààbọ̀, ọkọ̀ náà ti parí ọ̀nà, eré rẹ̀ sì ti kọjá 400 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó ti tán. Bíréèkì nìkan kò lè dá a dúró. Aṣọ ńlá bíi ti àwọn sójà tó ń fò láti inú bàálù ló máa ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fà á sẹ́yìn.

Àwọn tó ń wòran rò pé ibi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn ni iṣẹ́ wà. Rárá o. Iṣẹ́ wa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, a ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù nítorí methanol ti dà pọ̀ mọ́ ọn. A ó tú púlọ́ọ̀gì jáde, a ó wò ó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí oníṣègùn ti ń wo ojú aláìsàn. A ó tú kílọ́ọ̀ṣì, a ó wọn ìṣípò fáàfù, a ó ká aṣọ ẹ̀yìn ọkọ̀ padà. Nígbà mìíràn, wákàtí kan àti díẹ̀ péré la ní kí wọ́n tó tún pè wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnì kan kò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ní òpin oṣù karùn-ún, a lọ sí Santa Pod ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pápá bàálù ológun ni ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1966 ni wọ́n sọ ọ́ di pápá eré ọkọ̀. Àwa méjì la lọ. Ìwé ìwọ̀lú ẹnì kẹta kò jáde lásìkò, nítorí ìwé tí a fi ń gbé ní Faransé kò ṣí ilẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì. Ó sìn wá dé Calais, ó jùwọ́ sí wa, ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta di iṣẹ́ ẹni méjì, ó sì hàn. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lé wa jáde.

Níbẹ̀ ni a ti kọ́ ohun kan tó yà wá lẹ́nu. Iná tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ sílẹ̀ dúró lórí òpó kan láàárín ọ̀nà méjèèjì. Igi Kérésìmesì ni wọ́n ń pè é. Fún irú ọkọ̀ tiwa, iná mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn 0.4 ìṣẹ́jú àáyá, ti aláwọ̀ ewé á tàn. Bí o bá gbéra kí ó tó tó àkókò, pupa ló máa tàn fún ọ, eré rẹ ti parí nìyẹn. Bí o bá sì fi nǹkan díẹ̀ péré pẹ́, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò yára tó tìrẹ lè ṣáájú rẹ dé. Ọkọ̀ tó yára jù kọ́ ló máa ń wọlé nígbà gbogbo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá wa lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: ọkọ̀ rẹ̀ sáré ju ti ẹnì kejì lọ, ó sì pàdánù.

Ní oṣù kẹfà, a gba Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Denmark kọjá, a gun afárá gígùn tó wà lórí òkun, a dé Tierp ní Sweden. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa la wà pọ̀. Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ kì í ṣú tán níbẹ̀ lásìkò yẹn. Aago mọ́kànlá alẹ́, a ṣì ń ríran láìtan iná. Mùsùlùmí ni ọmọ Ṣábẹ tó wà láàárín wa. Ó jókòó ti búrẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń retí àkókò ìrun alẹ́ tí kò fẹ́ dé, àwa méjì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì, a borí ní ìpele àkọ́kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ wa nìyẹn. A pe bàbá ní Kétu lórí WhatsApp, a fi ọkọ̀ hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Èrò mélòó ló ń gbà?" A ní ẹnì kan. Ó ní, "Ọkọ̀ tó gùn báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

A kò lọ sí Finland nítorí owó. Oṣù kẹjọ la tún jáde, sí Hockenheim ní Jámánì. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bíi ọjọ́ ọdún. Ibẹ̀ ni ohun tí a fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀.

Láàárín eré méjì, a ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Nọ́ọ̀tì kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ọ̀kan nínú wa fi ìka yí i wọlé, ó fẹ́ mú sípánà láti dè é le. Lákòókò náà ni ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n wá bá òun gbé kílọ́ọ̀ṣì, ó wúwo. Ó dìde, ó lọ. Ẹnì kejì wá síbẹ̀, ó rí nọ́ọ̀tì ní àyè rẹ̀, ó rò pé wọ́n ti dè é. Ẹnì kẹta da ọ́ìlì tuntun sí i. A tan ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kán kan kò jò. Ojú mẹ́fà ló wo nọ́ọ̀tì yẹn. Ọwọ́ kankan kò kàn án.

Ọ̀gá wa gbéra. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà, nọ́ọ̀tì ti já. Aṣọ tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láti gba ọ́ìlì kún, ó sì ṣàn jáde sábẹ́ táyà ẹ̀yìn. A rí i tí imú ọkọ̀ yí sí ọ̀tún. A rí aṣọ ẹ̀yìn tó ṣí. A gbọ́ irin tó ń họ ògiri. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn panápaná ti yí i ká, ó sì ń fúnra rẹ̀ jáde. Aṣọ tí iná kì í tètè jó ló wọ̀, akoto wà lórí rẹ̀, ohun tó ń di ọrùn mú wà lọ́rùn rẹ̀, bẹ́líìtì sì ti so ó mọ́ àga. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, kò tilẹ̀ fara pa.

Wọ́n dá eré dúró kí wọ́n lè nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn èrò yẹn jókòó, wọ́n ń dúró de ọ́ìlì wa.

Ní alẹ́, ọ̀gá béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ta ló de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀?" A dákẹ́. Kí a má purọ́ fún yín, nígbà tó jáde, a bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀bi sí ara wa. "Ìwọ lo kọ́kọ́ mú un." "Ìwọ lo da ọ́ìlì sí i láìyẹ̀ ẹ́ wò." "Ìwọ lo pariwo pé kí a wá gbé kílọ́ọ̀ṣì." Àwa tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré, ó kù díẹ̀ kí a lu ara wa. Ẹ̀rù ń bà wá. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ìgbélùú wà nídìí iṣẹ́, owó ilé ìwé àwọn àbúrò sì wà nídìí gbogbo rẹ̀.

A pe bàbá. Olúkúlùkù ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò dá wa lẹ́jọ́. Ó ní, "Ọ̀gá yín ńkọ́, ó jẹun?" A ní a kò mọ̀. Ó ní, "Ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ kò mọ̀ bóyá ó jẹun. Nọ́ọ̀tì lẹ ń bá ara yín jà lé lórí." Ó ní òun fẹ́ sùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ọ̀gá. Àgbà inú wa sọ̀rọ̀, ó ní, "Àwa ni. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò parí rẹ̀. Àwa méjì rí i, a kò fọwọ́ kàn án." Ó wò wá pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà jókòó lé e lórí láìbéèrè." Ó fi kọfí lọ̀ wá. Kò lé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún ọkọ̀ náà ṣe, lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Ó fẹ́ sanwó, a kọ̀. Ọmọ Ṣábẹ ló kọ ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí irinṣẹ́: gbogbo nọ́ọ̀tì tó ṣe pàtàkì, àyè fún orúkọ ẹni tó dè é, àyè fún orúkọ ẹlòmíràn tó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orúkọ méjì kò bá pé, ọkọ̀ kò ní í jáde.

Ní oṣù kẹsàn-án, a padà sí Santa Pod fún ìdíje ìparí. Lọ́tẹ̀ yìí ìwé ẹnì kẹta ti jáde. Kí ọ̀gá tó wọ ọkọ̀, ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dá a padà. A borí ní ìpele àkọ́kọ́. Ní ìpele kejì, ara ọ̀gá yá jù, iná pupa tàn fún un. Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo inú ìwé yín bóyá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀."

Eré náà kò wáyé ní 2020 nítorí àrùn kòrónà, ọ̀gá wa kò sì tún wa ọkọ̀ yẹn mọ́. A kò gba ife kankan. Àwòrán kan la fi ránṣẹ́ sí bàbá, òun lẹ rí lára ògiri. Ẹni tó bá yí i padà á rí i pé ìwé nọ́ọ̀tì yẹn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò títí dòní ti dà á kọ, wọ́n ń lò ó fún bíréèkì àwọn ọ̀kadà tí ẹ ń gùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń figagbága lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Kétu sí Pòbẹ́, a kò ní kí ẹ má fẹ́ràn eré. Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó wà lára ọ̀gá wa nígbà tó forí sọ ògiri, kí ẹ wo ohun tó wà lórí tiyín. Ìyá tó ń gbé ẹ̀kọ lọ sọ́jà kò mọ̀ pé ẹ ń díje.

Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rántí nípa rẹ̀ fún wa. Ó dàbọ̀ o.