Ka Ọjọ́ Kí O Tó Gbé Pàṣán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe náà kò sọ fún wa bóyá akọ ni ẹṣin iwájú ọ̀hún tàbí abo. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé àárín àwọn ẹlẹ́ṣin, yóò rí i pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun kékeré lójú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í fẹ́ gun abo. Wọn a ní abo ẹṣin kò ṣe é gbọ́kàn lé. Wọn a ní bí ó ti wù kí a kọ́ ọ tó, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí akọ. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni ẹ̀sùn yìí? Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń gun abo ẹṣin, tí ó sì ń kọ́ ọ níṣẹ́, máa ṣe?

Ní Ìlọrin, níbi tí ẹṣin kì í ti í ṣe ohun àjèjì, tí àwọn ẹlẹ́ṣin sì máa ń jáde níwájú Ẹmíà lẹ́yìn ọdún Iléyá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ fi abo ẹṣin pupa kan sí ìtọ́jú rẹ̀. Ẹran náà rẹwà púpọ̀. Àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ó sì yára gbọ́ràn. Ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, ìka kan péré ni ọmọkùnrin náà fi ń fa ìjánu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fi ẹṣin mìíràn pààrọ̀ rẹ̀ lóru. Yóò gbé ìrù sókè, yóò máa tọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa yán bí akọ ẹṣin bá kọjá lọ́nà. Bí wọ́n bá fẹ́ fa okùn gàárì le lábẹ́ ikùn rẹ̀, yóò tẹ etí mọ́ ẹ̀yìn, yóò sì tàpá. Bí ọmọkùnrin náà bá fi ẹsẹ̀ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí ó máa lọ, yóò dúró gbagidi bí òkúta. Ó tilẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan ní gbangba, tí àwọn ọmọdé fi í ṣe ẹlẹ́yà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn tí ó ń bá wọn tọ́jú ẹṣin ní ìwà ìkà ni, wọ́n ní pàṣán ni oògùn rẹ̀. Bàbá kò fara mọ́ pàṣán, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ẹni tí yóò rà á.

Ó ní, "Bí Iléyá bá dé tí kò bá yí padà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú owó wá ni kí ó máa fà á lọ."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta."

Iléyá kù bí oṣù mẹ́rin nígbà náà. Bàbá rẹ̀ kò dáhùn, ó kàn mi orí. Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin náà ra ìwé ìkọ̀wé kan bí irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, ó sì fi rúlà fa ìlà sí i. Ìlà kan wà fún ọjọ́, òmíràn fún ìrù, fún ìtọ̀, fún etí, fún bí ó ti gba gàárì, fún oúnjẹ, àti fún iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe. Láràárọ̀ ni ó ń kọ ohun tí ó bá rí síbẹ̀, yálà ó gun ẹṣin náà tàbí kò gùn ún.

Kí a tó sọ ohun tí ìwé náà fi hàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú abo ẹṣin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wíwá akọ kan dé ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni. Nínú rẹ̀, ọjọ́ 5 sí 7 ni ó sábà fi ń wá akọ. Ní ọjọ́ tí ó kù, bí akọ bá súnmọ́ ọn, yóò lé e dànù. Ní àsìkò wíwá akọ yìí ni ẹyin kan ń dàgbà nínú ilé ẹyin rẹ̀, ẹyin náà a sì máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí wíwá akọ náà tó parí. Ibi tí ẹyin ti jáde a wá di kókó kékeré kan tí ń sun omi ara tí a ń pè ní progesterone, èyí tí ń mú kí ara ẹran náà rọlẹ̀. Bí kò bá lóyún, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ yóò ránṣẹ́ sí kókó náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kókó yóò gbẹ, nǹkan yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni ó ń darí ètò yìí. Ní ilẹ̀ Jámánì tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà òtútù tí ojúmọmọ kúrú, ọ̀pọ̀ abo ẹṣin kì í wá akọ rárá. Nígbà tí ojúmọmọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ni ara wọn ń jí padà, ìgbà náà gan-an sì ni wàhálà wọn máa ń pọ̀ jù, nítorí pé wíwá akọ kan lè gùn ju bí ó ti yẹ lọ kí ètò náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojúmọmọ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù láàárín ọdún kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Nítorí náà abo ẹṣin lè máa wá akọ yí ọdún po níbẹ̀, bí oúnjẹ bá tó o. Ẹni tí ó bá ka ìwé àwọn ará Yúróòpù, tí ó ń retí kí ọyẹ́ fún ẹṣin rẹ̀ ní ìsinmi, lè retí títí kí ó má rí i.

Nígbà tí oṣù kejì parí, ọmọkùnrin náà tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ìrù gbígbé, ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀ àti yíyán ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 20, 21 tàbí 22. Èyí kò yà á lẹ́nu. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni ìlà gàárì. Títàpá nígbà tí a bá ń di gàárì kò tẹ̀lé ònkà kankan. Ó wà ní ọjọ́ wíwá akọ, ó sì wà ní ọjọ́ tí kò wá akọ. Ìyẹn ni pé ọ̀ràn méjì ni gbogbo wọn ti dì pọ̀ sínú ẹrù kan, tí wọ́n sì fún ní orúkọ kan ṣoṣo.

Ó mú ìwé náà tọ dókítà ẹran lọ. Dókítà wá, ó sì fi ìka méjì tẹ ẹ̀yìn abo ẹṣin náà láti ibi èjìká lọ dé ìdí. Nígbà tí ó dé ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹran náà rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, ó sì tẹ etí. Wọ́n yí gàárì dojú dé, wọ́n sì rí i pé ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ lápá ibẹ̀ ti pẹlẹbẹ, tí igi inú rẹ̀ fi ń gún ẹran lára. Ìrora ni wọ́n ti ń pè ní ìwà ìkà láti ọjọ́ yìí wá.

Dókítà náà kò fi mọ síbẹ̀. Ó yẹ ilé ẹyin méjèèjì wò, nítorí pé kókó àìsàn kan wà, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, tí í máa hù níbẹ̀, tí í sì lè sọ abo di oníwà bí akọ, tàbí kí ó máa wá akọ láìdáwọ́ dúró. Ó ṣàlàyé pé egbò inú ikùn, àrùn ilé ìtọ̀ àti ìbẹ̀rù lásán lè mú kí ẹṣin hùwà tí ó jọ wíwá akọ. Ó sọ nípa oògùn altrenogest, tí ó rí bí òróró, tí a ń fún abo ẹṣin lójoojúmọ́ kí ó má baà wá akọ ní àsìkò iṣẹ́ pàtàkì. Ó kìlọ̀ pé oògùn náà a máa gba ara ènìyàn wọlé. Ẹni tí yóò fi í fún ẹran gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ó ní àwọn kan a máa ti ọmọ gíláàsì roboto bọ ilé ọmọ ẹṣin kí wíwá akọ lè pẹ́ kí ó tó padà, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀, ó sì lè fọ́ sínú. Nígbà tí ẹnì kan sì dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú jẹ́ kí akọ gùn ún, dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní oyún ẹṣin a máa tó oṣù mọ́kànlá, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ó bá bímọ ni yóò tún máa wá akọ. A kì í fi ọmọ bíbí ṣe oògùn ìgbọràn.

Wọ́n tún gàárì ṣe, wọ́n sì fún ẹ̀yìn ẹran náà ní ìsinmi títí ó fi san. Títàpá dáwọ́ dúró. Àwọn ọjọ́ wíwá akọ kò lọ, nítorí ìṣẹ̀dá kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n wọ́n di ohun tí a lè gbé. Ẹ̀kọ́ tuntun àti ìfò ni ọmọkùnrin náà ń fi sí ọjọ́ tí ara ẹran bá rọlẹ̀. Ní ọjọ́ wíwá akọ, ohun tí ẹran ti mọ̀ dáadáa ni ó ń béèrè. Yóò kọ́kọ́ rìn ín pẹ́ títí, yóò máa yí i sọ́tùn-ún sósì kí ọkàn rẹ̀ má baà kúrò lára iṣẹ́, yóò sì tètè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe dáadáa. Ó bọ́ kẹ́sẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ ìfọwọ́kàn líle nígbà náà. Kì í jẹ́ kí akọ wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, kò fi ọjọ́ náà ṣe àwáwí láti má gùn ún rárá, nítorí ẹran tí ó bá mọ̀ pé ìrù gbígbé ń mú ìsinmi wá yóò máa gbé ìrù.

Iléyá wá ń súnmọ́lé. Bàbá rẹ̀, tí ó ti rí ìyàtọ̀, ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé abo pupa ni òun yóò gùn jáde. Nígbà tí wọ́n rí oṣù tuntun, tí ó di mímọ̀ pé ọdún ku ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀. Bí ó ti kà á, ọjọ́ kejọ ni wíwá akọ yóò bẹ̀rẹ̀. Àárín rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ ìjáde bọ́ sí, láàárín ọ̀pọ̀ akọ ẹṣin, ìlù, ìbọn àti èrò. Ọjọ́ méjì ni ó fi gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn kí ó tó lè là á fún bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ máà bínú sí mi. Ẹ má gùn ún lọ́jọ́ náà. Bí kò bá tilẹ̀ ṣe ẹ̀yin ní nǹkan, àwọn akọ lè torí rẹ̀ tẹ ọmọ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀."

Inú bàbá kò dùn. Ó gba ìwé náà, ó sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìjáde, akọ ẹṣin àtijọ́ ni ó gùn. Abo pupa wà nílé, ó gbé ìrù sókè, ó ń yán ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ́ pátákò ẹṣin lójú pópó. Nígbà tí oníbàárà kan dé lẹ́yìn ọdún, bàbá ní kì í ṣe títà mọ́. Láti ìgbà náà, bí ìrìn kan bá yọ tí ó fẹ́ fi ẹṣin náà rìn, ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Ìwé rẹ dà? Ọjọ́ mélòó ni ó kù?"

Ní ti ẹ̀sùn pé abo kò ṣe é gbọ́kàn lé, ìtàn ti dáhùn. Ní ọdún 1956, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje ẹlẹ́ṣin ti Òlíḿpíìkì ní Stockholm, iṣan itan Hans Günter Winkler, ọmọ Jámánì, já ní ìpele àkọ́kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jókòó lórí gàárì. Abo ẹṣin rẹ̀, Halla, tí ọ̀pọ̀ ti kà sí olórí kunkun, ni ó gbé e fo gbogbo ìdènà ìpele kejì láìgbé ọ̀kankan ṣubú, tí wọ́n fi gba wúrà. Ní Ọsirélíà, Winx, abo ẹṣin mìíràn, borí nínú eré ìje 33 léraléra kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019. Àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ abo; ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ni wọ́n bọ́ sí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, a ó gun ẹṣin o, a kò ní gun ẹṣin o, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọmọ tí ó dákẹ́ ní ọjọ́ kan, tí ó sì ya ìpáǹle ní ọjọ́ kejì, yóò wà níwájú wa. Orúkọ burúkú ti wà nílẹ̀ fún un kí a tó dé, pàṣán sì wà lórí tábìlì. Ó lè jẹ́ ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni, èyí tí sùúrù àti ètò yóò bá gbé. Ó sì lè jẹ́ pé ohun kan ń gún un lára níbi tí ojú kò tó. A kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì bí a kò bá kọ́kọ́ ka ọjọ́.